Gírísì tí mo fi pa iná kárafáànù mi

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òde ló pọ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe ìnáwó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ti gba gbogbo Sátidé lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀, ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ iná ni tòní, iná ẹ̀yìn ọkọ̀, torí ohun tójú mi rí lọ́nà Ìsánlú kò ṣeé gbé mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ kárafáànù mi, ilé onítáyà tí mo sọ di kíṣíìnì, tá a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tá a bá ń lọ se oúnjẹ òde. Ẹ má pè é ní trélà o. Ní Kàbbà níbí, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ trélà, ohun tó máa wá sí èèyàn lọ́kàn ni àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì gàgàrà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ọbájánà, àbúrò mi ọkùnrin sọ fún bàbá kan ládùúgbò wa nígbà kan pé àǹtí òun ti ra trélà, láti ọjọ́ náà ni bàbá yẹn ti ń yá owó lọ́wọ́ mi. Tòkunbọ̀ ni kárafáànù yìí, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ìyẹn náà sì ní wàhálà tiẹ̀, apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́hùn-ún, apá òsì náà ni wọ́n wá ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀ sí, tá a bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbí, ojú ọ̀nà gan-an ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, ẹni tó bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde ní láti kọ́kọ́ wo ọkọ̀ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá. Píkọ́ọ̀pù tó ń fà á, Amẹ́ríkà ni tiẹ̀ ti wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ìlú méjì ló pàdé lẹ́yìn ọkọ̀ wa, wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Ní Jímọ̀ ọjọ́ yẹn, òde ọjọ́ kejì wà ní Ìsánlú, a sì ti pẹ́ ká tó kúrò ní Kàbbà torí ẹni tó fẹ́ gbé gáàsì wá kò tètè dé. Bá a ṣe fẹ́ gbéra ni mo rántí pé ibi tí kárafáànù ti so mọ́ píkọ́ọ̀pù, bọ́ọ̀lù irin yẹn, ti ń dún kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo bá mú gírísì, mo bù ú bí ẹni fẹ́ fi òrí pa ọmọ tuntun, mo fi kun bọ́ọ̀lù, mo fi kun inú ife irin tó bò ó mọ́lẹ̀, mo wá ń yangàn, mo ní kí àbúrò mi wá wò ó, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan. (Tí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ní pádì nínú, tó máa ń di bọ́ọ̀lù mú gírígírí kí kárafáànù má baà máa jó lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má fi gírísì kàn án rárá o, ó máa ba pádì yẹn jẹ́. Tèmi ò ní pádì, ti àtijọ́ ni.)

A kọjá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń fi iná ṣẹ́jú, ó ń fọn fèrè, mo rò pé ó fẹ́ ká yà fún òun ni, àbúrò mi yà, ó wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dírẹ́bà yọ orí síta, ó pariwo pé, "Ìyá, ẹ ò níná lẹ́yìn o! Díẹ̀ ló kù kí n wọlé bá yín!" Ó bá tiẹ̀ lọ. Àyà mi já. A dúró, mo bọ́ọ́lẹ̀, mo lọ wo ẹ̀yìn, òótọ́ ni. Iná pupa apá ọ̀tún ń tàn bíi tanátaná tó fẹ́ kú, ti apá òsì ò tàn rárá. Mo ní kí àbúrò mi gbé tíráfíkétọ̀ sí apá òsì, ó gbé e, apá òsì ń ṣẹ́jú wúyẹ́wúyẹ́, apá ọ̀tún náà sì ń ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí i wò. Mo ní kó tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́, tanátaná apá ọ̀tún yẹn kú pátá. Mo ní kó jọ̀ ọ́, ó tún jí. Ẹ sọ fún mi, ta ló fẹ́ rí irú ìyẹn nínú igbó ní aago méje alẹ́ kò ní rò pé àjẹ́ ni?

A ò lè máa lọ báyẹn, a ò sì lè sùn síbẹ̀. A bẹ ọlọ́kadà kan tó ń lọ sí Mọ̀pà kó máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iná ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹ̀ ló di iná ẹ̀yìn wa, mo fún un lówó epo àti ti ọbẹ̀, a sùn sílé àwọn àna mi ní Mọ̀pà. Ilẹ̀ mọ́, mo ra gílóòbù mẹ́fà, mo pààrọ̀ gbogbo gílóòbù tó wà lẹ́yìn, kò yàtọ̀. Gbogbo àwọn tí mo yọ kúrò ló ṣì dáa. Ojúmọmọ la fi dé Ìsánlú, a ṣe òde, iyán ò ṣẹ́kù, ojúmọmọ náà la fi padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá rìwáyà tó wà nítòsí wa. Bàbá ti dàgbà, ó máa ń ti awò ojú ẹ̀ sókè tó bá fẹ́ wo nǹkan tó sún mọ́ ọn, èyí ò sì yé mi títí dòní. Mo ro ẹjọ́, mo ro ó dé ibi gílóòbù, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kó o fọwọ́ kan gílóòbù?" Ó ní tí iná kan bá kú, ó lè jẹ́ gílóòbù. Àmọ́ tí iná bá ń ṣe wéré, tí èyí ń tàn nígbà tó yẹ kí tọ̀hún tàn, tí ọ̀kan ń kú bí èkejì ṣe ń jí, kó o má wo gílóòbù, kó o wo ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe gbọ́ ọ. Iná kúrò ní bátìrì, ó gba wáyà dé gílóòbù, ó ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì. Bíi síǹkì ni, tómi bá ń wọ̀ ọ́ àmọ́ tí ìdí ẹ̀ dí, omi á máa wá gbogbo ọ̀nà mìíràn gbà, á kún, á dà sílẹ̀. Wáyà tíráfíkétọ̀ wà lọ́tọ̀, ti iná alẹ́ wà lọ́tọ̀, ti bíréèkì wà lọ́tọ̀, àmọ́ wáyà funfun kan ṣoṣo ló ń gbé ti gbogbo wọn padà. Gílóòbù bíréèkì kan jẹ́ wáàtì 21, méjì jẹ́ 42, lórí bátìrì fóòtì 12 ìyẹn jẹ́ áńpíà mẹ́ta àtààbọ̀, ẹ tún fi tíráfíkétọ̀ kan lé e tó jẹ́ wáàtì 21 pẹ̀lú àwọn kéékèèké oní-wáàtì 5, gbogbo ẹrù yẹn, orí funfun ló wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá rẹ̀ ẹ́, gbogbo iná ló máa sọ̀rọ̀ òdì. Iná tíráfíkétọ̀ apá òsì tí kò rọ́nà padà yẹn, gílóòbù apá ọ̀tún ló ń gbà kọjá láti wá ilé lọ, ìyẹn lapá ọ̀tún ṣe ń ṣẹ́jú.

Bàbá ò tiẹ̀ tú nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ yọ pílọ́ọ̀gì kárafáànù kúrò lára ọkọ̀, ó ní a ó dá àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó mú tẹ́sítà oní-gílóòbù, ó so ẹsẹ̀ ẹ̀ kan mọ́ orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì píkọ́ọ̀pù, ó ń fi orí ẹ̀ kejì tọ ihò sókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ń tẹ ohun tó bá ní kó tẹ̀. Gbogbo ẹ̀ tàn rokoṣo. Lẹ́yìn náà ó yọ ẹsẹ̀ tẹ́sítà lórí bátìrì, ó fi sínú ihò funfun ti sókẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an, ó tún tọ àwọn tó kù, ó ṣì tàn. Ó ní ó dáa, píkọ́ọ̀pù ò jẹ̀bi títí dé ibí. (Ìgbésẹ̀ kejì yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Tó bá tàn pẹ̀lú bátìrì tí kò tàn pẹ̀lú ihò funfun, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tó ń rùn.)

Ó wá yí sí kárafáànù. Ó ní ká tú u kúrò lórí bọ́ọ̀lù pátápátá, mo ní ṣé tiná náà ò kúkú sí níbẹ̀, ó ní kí n ṣáà tú u. Ó gbé bátìrì kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pílọ́ọ̀gì, nẹ́gẹ́tífù sórí ẹsẹ̀ funfun, pọ́sítífù sórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òkùnkùn. Ẹsẹ̀ kan ò tàn. Ó yọ nẹ́gẹ́tífù, ó fi kan irin ṣásí kárafáànù, ó tún tọ pọ́sítífù, iná tàn wàà! Mo pariwo. Bàbá ò pariwo, ó kàn wò mí pẹ̀lú awò tó wà lókè orí, ó ní, "Ìyá Olóúnjẹ, kí lo fi kun bọ́ọ̀lù yìí?"

Ẹ gbọ́ mi o. Wáyà funfun ti já nínú pílọ́ọ̀gì, bóyá ó ti pẹ́, bóyá ká tó rà á. Ẹnì kan tí kò fẹ́ wá ìdí ọ̀rọ̀ kàn fi ìdè so funfun lẹ́yìn mọ́ ṣásí, iná wá ń gba ara ṣásí, ó ń gba ife irin, ó ń gba bọ́ọ̀lù, ó fi ń bọ́ sára píkọ́ọ̀pù padà sílé. Gbogbo ìgbà tí mò ń rò pé pílọ́ọ̀gì ló ń tan iná mi, bọ́ọ̀lù ìdọ̀tí yẹn ni. Kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀ tó ń dún yẹn, irin tó ń ha irin ni, híha yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí iná kọjá. Èmi wá lọ fi gírísì tẹ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀dì. Bàbá so míítà, ó fi ẹnu kan sórí nẹ́gẹ́tífù bátìrì ọkọ̀, ẹnu kejì sórí funfun tó wà nídìí iná ẹ̀yìn, ó ní ká so kárafáànù padà ká tẹ bíréèkì, míítà ka fóòtì 4 àti díẹ̀. Ó ní kò yẹ kó ju ìdajì fóòtì kan lọ. Fóòtì tó sọnù sójú ọ̀nà yẹn, gílóòbù ló yẹ kó jẹ ẹ́.

Àbúrò mi ní ṣé ká ra ṣéènì ká fi so irin méjèèjì pọ̀, iná á máa gba ibẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé awò ojú ẹ̀ já bọ́. Ṣéènì, bọ́ọ̀lù, ìdè, ìkan ò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà iná, ọkọ̀ tó ń fò lórí gálọ́ọ̀pù máa ń ya irin sọ́tọ̀ níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú. Wáyà ni iná ń gbà.

Nígbà tó ṣí pílọ́ọ̀gì, inú ẹ̀ dúdú, ó tún léwé bí ògiri tí òjò ń pa, torí tá ò bá lò ó a kàn máa ń jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀ kó máa fi ẹnu kanlẹ̀, omi á wọ̀ ọ́, eruku ọyẹ́ á tún dí i. Kò sí okùn bàbà kan ṣoṣo tó ṣì di funfun mú. Ó gé wáyà sẹ́yìn, ó bó o, inú ẹ̀ ṣì dúdú, ó tún gé e, ó ṣì dúdú, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó rí bàbà tó ń dán. Ó ní ẹni tó bá de wáyà tó ti dúdú, ọjọ́ mélòó kan ló rà. Ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó dè é, ó fi fasilíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wá ṣe ibi tí mo máa fi kọ́ ọ sókè tí mo bá tú u, kó dorí kodò.

Mo rò pé ó parí. Mo ti ń wá owó nínú báàgì. Bàbá ní kí n dúró, pé kí ni iná pupa apá òsì ń ṣe tí kò tàn, àti pé kí ló dé tá a bá tẹ bíréèkì tó jẹ́ iná òféèfèé tíráfíkétọ̀ ló ń tàn, tí iná bíréèkì fúnra ẹ̀ dákẹ́. Ẹ wò ó, ojú tì mí. Ó tó ọdún kan tá a ti ń fa kárafáànù yìí, mi ò tíì dúró sẹ́yìn ẹ̀ rí kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Iwájú ni mo máa ń jókòó.

Ibi tí ìlú méjì yẹn ti pàdé nìyí. Píkọ́ọ̀pù ará Amẹ́ríkà yìí, wáyà mẹ́rin ló ní lẹ́yìn: funfun ni ọ̀nà àbọ̀, búráùn ni iná alẹ́ tọ̀tún tòsì, yẹ́lò ni apá òsì, gírínì ni apá ọ̀tún, àmọ́ yẹ́lò àti gírínì yẹn, bíréèkì àti tíráfíkétọ̀ ló jọ ń gbé inú wọn, torí ní Amẹ́ríkà gílóòbù pupa kan náà lè máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Kárafáànù ará Gẹ̀ẹ́sì ní méje: yẹ́lò ni tíráfíkétọ̀ apá òsì nìkan, gírínì ni tíráfíkétọ̀ apá ọ̀tún nìkan, funfun ni ọ̀nà àbọ̀, pupa ni bíréèkì, búráùn ni iná alẹ́ apá ọ̀tún, dúdú ni iná alẹ́ apá òsì, búlúù ni iná kùrukùru. Ẹ rí i? Àwọ̀ mẹ́rin bára mu. Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ fi yẹ́lò so yẹ́lò, gírínì so gírínì, búráùn so búráùn, funfun so funfun, ó rí mẹ́ta tó ṣẹ́kù, ó fi téèpù wé e, ó gbowó ẹ̀, ó lọ. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Àwọ̀ ṣáà bára mu. Bí ẹni tó gbọ́ tí ẹ̀ka èdè Owé àti ti Yàgbà jọ ní ọ̀rọ̀ kan tó wá rò pé ohun kan náà ni wọ́n fi ń pè. Dúdú àti pupa ò níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́, ni òsì ò ṣe níná alẹ́, ni bíréèkì ò ṣe tàn.

Àwọn kan máa ń ra àpótí kékeré tó máa ń túmọ̀ èdè láàárín méjèèjì. Bàbá ò lò ó, kò sí ní Kàbbà lọ́jọ́ náà. Ó lọ mú tíráfíkétọ̀ láti iwájú píkọ́ọ̀pù, torí iná iwájú kò ní bíréèkì nínú, tíráfíkétọ̀ pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀. Ó mú bíréèkì láti swíìṣì tó wà lókè pẹ́dà. Ó fi reléè, ìyẹn swíìṣì kékeré tó jẹ́ iná ló ń tẹ̀ ẹ́, sí ìkọ̀ọ̀kan kí swíìṣì ọkọ̀ má baà máa ru ẹrù kárafáànù, ó fa agbára àwọn reléè láti bátìrì, ó fi fíúsì sí ìdí bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn, torí tí wáyà bá bó lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ fíúsì, ọkọ̀ á jóná kí fíúsì tó mọ̀. Búráùn ọkọ̀, ó pín in sí búráùn àti dúdú kárafáànù. Búlúù, ó fi sílẹ̀, ó ní tí ọyẹ́ bá dé ká tún sọ ọ́. Pílọ́ọ̀gì eérú kan tún wà lára kárafáànù tí àbúrò mi ti fẹ́ máa wá ibi tó máa kì í bọ̀, ti fúríìjì àti bátìrì inú ilé ni ìyẹn, àti iná rífáàsì, pílọ́ọ̀gì dúdú ni ti iná ojú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà eérú tún ti dúdú ṣe.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ló fi ṣe é. Nígbà tó parí ó tún fi míítà wọn funfun, gbogbo iná tàn lẹ́ẹ̀kan náà, bíréèkì lórí ẹ̀, ó ka ìdá kan nínú ìdá márùn-ún fóòtì kan. Bọ́ọ̀lù ṣì ní gírísì ẹ̀ lára, kò dún, kò sì sí ohun tó kan iná nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà a ò gbéra láìwo ẹ̀yìn. Tí àbúrò mi bá wà, ó máa tẹ̀, èmi máa dúró sẹ́yìn, màá máa ké e: òsì, ọ̀tún, alẹ́, bíréèkì, lẹ́yìn náà bíréèkì pẹ̀lú òsì pa pọ̀, bíréèkì pẹ̀lú ọ̀tún pa pọ̀, torí ibi tí méjì bá ti jọ tàn ni funfun tó fẹ́ já ti máa ń tú ara ẹ̀ fó. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, tí kò sẹ́ni tó máa bá mi tẹ bíréèkì, mo ní ọmọ odó kan tí gígùn ẹ̀ ṣe rẹ́gí, màá fi orí ẹ̀ ti pẹ́dà bíréèkì, màá fi ìdí ẹ̀ gún ìjókòó, màá rọra fa ìjókòó síwájú títí ó fi le, màá wá bọ́ọ́lẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn bó ṣe wù mí. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń bú mi sí i, torí ó ti di ti ọkọ̀ báyìí, ó ń gbé lábẹ́ ìjókòó, a sì ku ọmọ odó mẹ́ta fún iyán.